IṢẸ́ ÒÒJỌ́ ÀTI ÌLERA, LÁTI ÈWE DÉ OGBÓ

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè." Ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan ni ó ní iṣẹ́ tirẹ̀. Wíwẹ̀, wíwọ aṣọ, dídáná, oko ríro àti eré ọmọdé, gbogbo wọn ni ó ń mú ara le, tí ó sì ń mú ọkàn yọ̀. Bí a bá gba wọ́n lọ́wọ́ ènìyàn, agbára rẹ̀ a dínkù, inú rẹ̀ a sì bàjẹ́.

Eré ni iṣẹ́ ọmọdé. Nípa rẹ̀ ni ọwọ́ fi ń yá, tí ẹsẹ̀ fi ń le. Ṣùgbọ́n kí òbí kí ó kíyèsí ibi tí ọmọ ti ń ṣeré. Ní Ògijo, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, a ti fi ọdún púpọ̀ yọ́ bátìrì ọkọ̀ àtijọ́ láti mú òjé inú rẹ̀ jáde. Ní ọdún 2025, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé òjé ti wọ ara àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ọmọdé ibẹ̀. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Nítorí náà, kí ọmọ má ṣe ṣeré nínú eruku irú ibẹ̀, kí ó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ó tó jẹun.

Iṣẹ́ tí ń bọ́ni kò gbọdọ̀ pani. Kí ẹni tí ń fọwọ́ kan òjé bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, kí ó sì wẹ̀, kí ó tó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

Àìsàn pàápàá kò fi òpin sí iṣẹ́. Ní ọdún 1954, ní Àró lẹ́bàá Abẹ́òkúta, Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ sí fi àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú wọ̀ sílé àwọn àgbẹ̀ ní abúlé ìtòsí, pẹ̀lú ìbátan wọn. Wọ́n ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì ń bá ará abúlé gbé ìgbé ayé ojoojúmọ́. Iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ di apá kan oògùn wọn.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti arúgbó tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù. Ilé ìwòsàn ni kí a kọ́kọ́ gbé e lọ láìjáfara. Nígbà tí ó bá padà délé, ìfẹ́ lè mú kí àwọn ọmọ máa ṣe ohun gbogbo fún un. Irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ a máa so ènìyàn mọ́ ẹní. Kí ó jókòó wọ aṣọ rẹ̀ fúnra rẹ̀: ọwọ́ tí ó rọ ni kí ó kọ́kọ́ kì bọ apá aṣọ, lẹ́yìn náà èyí tí ó le. Bí ó bá ń bọ́ aṣọ, ọwọ́ tí ó le ni kí ó kọ́kọ́ yọ. Kí ó ṣa ẹ̀wà, kí ó pa àlọ́ fún ọmọdé. Níbi tí agbára rẹ̀ bá tán ni kí ìrànlọ́wọ́ ti bẹ̀rẹ̀, kí ó má ṣe ṣáájú ibẹ̀.