Ẹ Ka Ọ̀pá Kí Ẹ Tó Ka Ẹ̀rọ

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń fi Arduino, pátákó ẹ̀rọ kékeré tí a ń kọ kóòdù sí, kọ́ ẹ̀rọ tó ń wọn omi odò, ẹ gbọ́. Láti ọdún 2005 tí wọ́n ti gbé Arduino jáde ní ìlú Ivrea ní Ítálì, wọn kò fi àwòrán rẹ̀ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí ọmọ Ìbàdàn fi lè tú u, kó sì tún un tò bó ṣe wù ú.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ohun tí a ń ṣọ́. Lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa ya wọ ìlú Ìbàdàn, ó gbé èèyàn, ó wó ilé. Ẹ̀mí so mọ́ nọ́ńbà tí ẹ ń kọ.

Sẹ́ńsọ̀ tí ẹ so mọ́ abẹ́ afárá ń rán ìró tí etí wa kò gbọ́ sójú omi, ó sì ń ka àkókò tí ìró náà fi padà. Bí ooru bá mú, ìró a máa yára sí i: nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ní 20°C, nǹkan bíi 352 ní 35°C. Bí kóòdù yín kò bá mọ ìyẹn, àṣìṣe á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 8 nínú mítà 3. Ẹ so sẹ́ńsọ̀ ooru mọ́ ọn, lábẹ́ ibòòji.

Èmi náà ti jẹ ìyà àṣìṣe ẹ̀rọ rí. Aláǹtakùn fi ẹnu sẹ́ńsọ̀ mi ṣe ilé. Ẹ̀rọ ní odò ti kún dé abẹ́ afárá. Mo sáré débẹ̀ lóru, omi kò kún. Ká ní mo ti jí àwọn ará àdúgbò, ta ni ì bá dá mi lóhùn lọ́jọ́ tí odò bá kún lóòótọ́?

Nítorí náà, ẹ ri ọ̀pá ìwọ̀n mọ́ ẹ̀gbẹ́ odò. Ẹ fi ojú yín kà á, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú wákàtí, kí ẹ tó wo ohun tí ẹ̀rọ wí. Bí ẹ bá kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ, ojú yín á fẹ́ gbè é lẹ́yìn. Ẹ má pa nọ́ńbà tó bá rú yín lójú rẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wá, kí ẹ kọ àtúnṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá sì ń fún aráyé ní kóòdù yín, ẹ fún wọn ní ìwé àṣìṣe yín pẹ̀lú.

Ẹni tó bá lè ṣe èyí láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè, òun ni mo lè fi odò àdúgbò mi lé lọ́wọ́.