Ta Ni Yóò Máa Ròyìn Àìsàn fún Ẹbí?

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo fẹ́ dáhùn lọ́sẹ̀ yìí, nítorí pé bí ibi tí àwọn tí ó kọ wọ́n ń gbé tilẹ̀ jìnnà síra, ẹrù kan náà ni ó wà lórí gbogbo wọn. Èyí àkọ́kọ́ ti ọ̀dọ̀ abiyamọ kan wá, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ní Òṣogbo Òròkí, ó sì kọ ọ́ báyìí:

“Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Kókó kan ni mo fọwọ́ bà ní ọmú mi òsì. Wọ́n gé díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ yẹ̀ wò ní UCH, Ìbàdàn, wọ́n sì ní jẹjẹrẹ ni. Mo ti gba kímò, oògùn tí wọ́n fi ń bá jẹjẹrẹ jà, lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí ó wá ń dá mi lágara ju àìsàn lọ ni fóònù. Ẹbí mi, ẹbí ọkọ mi, àwọn ará ìjọ, àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, gbogbo wọn ni ó ń pè, tí mo sì ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ títí ohùn mi fi ń há. Bí n kò bá gbé e, wọn a ní ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Bí mo bá gbé e, wọn a bú sẹ́kún, èmi aláìsàn ni n óò sì máa rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Ọkọ mi ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́, nítorí ayé. Kí ni kí n ṣe?”

Ìyá wa, ara yóò le o. Ẹkún tí wọ́n ń sun sí yín létí kò yà mí lẹ́nu, nítorí àwọn àgbà ti wí i pé ẹlẹ́kún sunkún, ó bá tirẹ̀ lọ, aláròpa ìbá sunkún kò dákẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ aláìsàn láti máa rẹ àwọn alábẹ̀wò lẹ́kún, bẹ́ẹ̀ ni kì í sì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti máa ṣe akéde àìsàn ara rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹ yan ẹnu kan. Ẹ wá ẹnì kan nínú ẹbí tí ọkàn rẹ̀ kì í tètè já, tí kì í bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀, tí ó sì lè sọ fún àgbàlagbà pé “Màmá ń sùn, ẹ jọ̀wọ́” láìṣe àfojúdi, kí ó jẹ́ pé ẹnu olúwarẹ̀ nìkan ni ìròyìn yóò ti máa jáde. Kò di dandan kí ó jẹ́ ọkọ tàbí àkọ́bí, nítorí pé ẹni tí ọ̀rọ̀ náà gún lọ́kàn jù kì í sábà lè sọ ọ́ létòlétò. Àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n a máa ṣe é dáradára.

Ní ti ọkọ yín, n kò ní í bá a wí. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́, a sì mọ ohun tí ẹnu àìmẹ́nu ti kó bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní ìlú yìí. Síbẹ̀, ìtọ́jú jẹjẹrẹ kì í ṣe ti ọjọ́ kan, ẹni tí ó bá sì fi í pamọ́ fún gbogbo ayé ni yóò dá wá owó rẹ̀, tí yóò dá wọ ọkọ̀ lọ sí UCH ní Oríta Mẹ́fà, tí kò sì ní í rí ẹni tí yóò dáná sílẹ̀ de àwọn ọmọ rẹ̀. Ìyáàfin Betty Anyanwu-Akeredolu, tí àrùn yìí kan náà kọlù, kò fi í pamọ́. Ó dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ ní 1997 láti máa la àwọn obìnrin lọ́yẹ̀ nípa rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni ó sì ti lò láyé lẹ́yìn náà. Èmi kò ní kí ẹ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀yin ni ẹ ni ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀yin ni yóò sì pín in: àwọn díẹ̀ yóò gbọ́ ọ tán, àwọn ìyókù yóò gbọ́ pé ẹ ń gba ìtọ́jú, ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Èyí tí ọ̀pọ̀ kì í rò ni ọjọ́ tí ìròyìn yóò máa jáde. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni ó sábà máa ń wà láàárín kímò kan àti èkejì. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, èébì àti àárẹ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn lè dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Láti nǹkan bí ọjọ́ keje títí dé ọjọ́ kẹrìnlá, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tí ń bá kòkòrò àrùn jà a máa dín kù jọjọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi yẹ kí alábẹ̀wò tí ó ní ọ̀fìnkìn jókòó sí ilé rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ara máa ń padà bọ̀ sípò, tí wọn yóò tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò, tí dókítà yóò sì sọ bóyá kímò tí ó kàn lè wáyé. Ọ̀sẹ̀ kẹta yìí ni kí ìròyìn jáde, lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí dókítà. Kí ẹni tí ẹ yàn kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sí WhatsApp ẹbí: ohun tí wọ́n ṣe, ohun tí dókítà sọ gan-an, ohun tí a kò tíì mọ̀, àti ìgbà tí wọn yóò tún gbọ́ láti ọ̀dọ̀ wa. Gbólóhùn ìgbẹ̀yìn yẹn ni ó ń pa fóònù lẹ́nu mọ́. Ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí òun yóò gbọ́ kì í pè ní àárín òru. Kí ọjọ́ náà má sì yẹ̀, nítorí pé etí tí ó gbọ́ àlọ ni ó yẹ kí ó gbọ́ àbọ̀.

Kí ẹni tí ẹ yàn má tijú láti kọ “a kò tíì mọ̀.” Àyẹ̀wò ẹran ara tí wọ́n gé a máa gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àyẹ̀wò mìíràn tún wà lẹ́yìn rẹ̀, tí yóò fi hàn bóyá èròjà ara obìnrin ni ó ń bọ́ jẹjẹrẹ náà. Kí èyí tó dé, ẹni tí ó bá ń bèèrè pé “ọdún mélòó ni wọ́n ní ó kù?” ń bèèrè ohun tí dókítà fúnra rẹ̀ kò lè dáhùn. Àwọn tí yóò máa fi àgbo ránṣẹ́ yóò pọ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ẹ yàn náà ni kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí àgbo má sì kan ètè yín láìjẹ́ pé dókítà mọ̀ sí i, nítorí pé òmíràn a máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ lásìkò tí kímò ti ń dà á láàmú. Ohun kan ṣoṣo ni kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ ìròyìn: bí ara yín bá gbóná dé ìwọ̀n 38 lórí tẹmómítà, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ òru, kí ẹbí gbọ́ nígbà tí ẹ bá ti débẹ̀.

Lẹ́tà kejì ti ìlú London wá:

“Wọ́n ní ẹ̀yìn ń dun Bàbá wa ní Abẹ́òkúta. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní kò sí nǹkan. Ẹlòmíràn ni ó wá tú u sí mi lọ́wọ́ pé jẹjẹrẹ prostate ni, ó sì ti wọ eegun. Bàbá gan-an kò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà ní ìpayà ni yóò pa wọ́n. Ṣé kí n pè wọ́n kí n sọ ọ́?”

Rárá, àbúrò, má sọ ọ́ láti orí fóònù. Ṣùgbọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé ìkọ̀kọ̀ yìí kò lè pẹ́. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n sábà máa ń fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, ní oṣooṣù tàbí ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, a máa dá èròjà ọkùnrin inú ara dúró, nítorí pé òun ni ó ń bọ́ jẹjẹrẹ náà. Ooru a sì máa mú wọn lójijì, òógùn a bò wọ́n bí obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń parí lọ, agbára ọkùnrin a sì dínkù. Àgbàlagbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣàlàyé fún, yóò wo ìyàwó rẹ̀, yóò wo àwọn ará ilé rẹ̀, yóò sì gbà pé wọ́n ti ṣe òun. Mo ti rí ilé tí ó tú nítorí èyí.

Òfin ìlera tí Nàìjíríà ṣe ní 2014 sọ pé aláìsàn ni ó ni ẹ̀tọ́ láti mọ ipò tí ara rẹ̀ wà, àfi bí ẹ̀rí gidi bá wà pé mímọ̀ náà yóò pa á lára. Ó sì ka àṣírí rẹ̀ sí ohun tí a kò gbọdọ̀ tú lásán. Àwa a máa yí i po: a ó fa dókítà sí ẹ̀gbẹ́ kan, a ó gbọ́ tán, a ó sì padà lọ rẹ́rìn-ín fún Bàbá. Bàbá tí ó fẹ́ parí ìjà pẹ̀lú àbúrò rẹ̀, tí ó fẹ́ sọ bí ilẹ̀ òun yóò ti pín, ni a ń fi àkókò rẹ̀ dù. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n: “Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí dókítà ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún yín, tàbí kí ó máa bá Bùọ̀dá sọ ọ́?” Àwọn mìíràn yóò ní kí ó bá Bùọ̀dá sọ ọ́, ó tán. Èyí tí ó pọ̀ jù ti fura tipẹ́, wọ́n kàn ń dúró de ẹni tí yóò bi wọ́n ni. Ní tìrẹ, tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ Bàbá kí wọ́n máa fi ọ́ sórí fóònù nígbà tí dókítà bá ń sọ̀rọ̀, ìwọ kò sì ní í gbọ́ ọ láti ẹnu ẹlòmíràn mọ́.

Ẹ̀kẹta kúrú. Ìyá kan ní Àkúrẹ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ kímò lóṣù yìí bèèrè bóyá kí òun sọ fún ọmọ òun, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Ẹ sọ ọ́, kí ẹ sì pe àìsàn náà ní orúkọ rẹ̀, nítorí pé yóò gbọ́ ọ lẹ́nu ará ilé. Ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí òun ṣe ni ó fà á, pé kò lè ràn án bí ó bá dì mọ́ yín, àti ẹni tí yóò máa mú un lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ tí ẹ bá wà ní ilé ìwòsàn. Bí dókítà bá ní kímò tí ẹ fẹ́ gbà a máa já irun, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta ni irun náà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ẹ sọ èyí fún un kí ó tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì fi kún un pé yóò tún hù. Bí ẹ bá fẹ́ gé e mọ́lẹ̀ ṣáájú, ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀. Ẹ sọ fún olùkọ́ kíláàsì rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé òun ni yóò kọ́kọ́ rí i bí ọmọ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ jù.