Má ṣe sá fún ìbéèrè

KÀ: Jòhánù 9:18-35
KỌ́ SÓRÍ: Mátíù 5:37

Kí n tó wọ iṣẹ́ ìránṣẹ́, mo jẹ́ alábòójútó iṣẹ́ òru ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú. Ní òru ọjọ́ kan, ẹ̀rọ kan bàjẹ́. Èmi ni mo gbàgbé láti yẹ epo inú rẹ̀ wò. Nígbà tí wọ́n fún mi ní kúẹ́rì, mo kọ ojú ìwé kan àbọ̀ nípa iná tó ń lọ tó ń bọ̀ àti ẹ̀rọ tó ti gbó. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Ọ̀gá mi fi bírò pupa kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí i: "Evasive."

Mo lọ wo ìwé atúmọ̀ èdè. Láti inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ ni kí ènìyàn jáde kí ó sì bọ́. Wọ́n ń lò ó fún ẹni tí a bi ní ìbéèrè, tí ó ń fi ọ̀rọ̀ mìíràn dáhùn kí tirẹ̀ má baà hàn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè má purọ́ rárá. Òótọ́ ni ó ń sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí wọ́n bi í.

Wo àwọn òbí ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú. Wọ́n gbà pé ọmọ àwọn ni, wọ́n sì gbà pé afọ́jú ni a bí i. Nígbà tí ó kan bí ó ṣe ríran, wọ́n ní kí wọ́n lọ bi í, ó ti dàgbà. Ẹsẹ 22 sọ ìdí rẹ̀: wọ́n ń bẹ̀rù kí a má lé wọn kúrò nínú sínágọ́gù.

Ará mi, ẹni tí owó ilé àti owó iléèwé ọmọ ń dúró dè mọ irú ìbẹ̀rù yẹn. Ọmọ wọn sọ ọ́ gbangba, wọ́n sì lé e jáde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ka ẹsẹ 35: Jésù gbọ́, ó sì wá a rí. A kò kà á pé ó wá àwọn òbí náà lọ.

Mo padà lọ bá ọ̀gá mi, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mo gbàgbé." Wọ́n gé owó oṣù mi. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tó ń lo ẹ̀rọ náà, tí ìwé mi ti fẹ́ mú kí wọ́n dá dúró, padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ta ni ìdáhùn tìrẹ ń di ẹrù lé lórí?

ÌGBÉSẸ̀ ÒNÍ: Ìbéèrè kan wà tí o ti ń sá fún, nínú ilé tàbí níbi iṣẹ́. Dáhùn rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

ÀDÚRÀ: Olúwa, fún mi ní ìgboyà láti sọ ohun tí a bi mí, kí o sì wá mi rí bí wọ́n bá lé mi jáde. Ní orúkọ Jésù. Àmín.