Kí ló ń sọ tòmátì di pupa?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, tòmátì ẹ̀yìnkùlé mi tó dúdú bí ewé níjọ́sí ti wá pọ́n rẹ́kẹ́. Ọmọ mi ní plastid ló fà á. Kí ni plastid, kí sì ni iṣẹ́ rẹ̀?

Ìdáhùn: Òótọ́ lọmọ yín sọ. Ẹ̀yà tíntìntín ni plastid nínú sẹ́ẹ̀lì ewéko, ojú lásán ò lè rí i. Oríṣi mẹ́ta ló gbajúmọ̀.

Chloroplast ló ni àwọ̀ ewé. Ó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn, omi àti carbon dioxide ṣe ṣúgà tí ewéko ń jẹ, ó sì ń tú ọ́síjìn tí à ń mí sínú jáde.

Chromoplast ló ni àwọ̀ ata tó pọ́n, kárọ́ọ̀tì àti ìbẹ́pẹ. Àwọ̀ èso máa ń fa ẹyẹ àti ẹranko wá jẹ ẹ́, kí wọ́n lè fọ́n irúgbìn ká.

Leucoplast kò láwọ̀. Èyí tó ń kó sítáàṣì pamọ́ sínú iṣu àti ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń pè ní amyloplast.

Oríṣi kan lè di òmíràn. Nínú tòmátì yín, chloroplast ló di chromoplast: àwọ̀ ewé pòórá, lycopene tó pupa sì gbapò rẹ̀. Bákan náà, tí ìmọ́lẹ̀ bá ń kan pòtétò òyìnbó fún ọjọ́ díẹ̀, amyloplast abẹ́ èèpo rẹ̀ á di chloroplast, ara rẹ̀ á sì dà bí ewé. Oró solanine sábà máa ń pọ̀ nínú irú bẹ́ẹ̀. Ibi tó ṣókùnkùn ni kí ẹ máa tọ́jú pòtétò sí. Èyí tó bá ti yí àwọ̀ padà, ẹ má ṣe sè é jẹ.