Gbàdúrà, Kí O sì Máa Kíyè sí Ọmọ Náà

Bíbélì Kíkà: 1 Sámúẹ́lì 2:18-21
Akọ́sórí: Lúùkù 2:40

Hánà, ẹni tí ó fi omijé tọrọ ọmọ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kò káwọ́ lẹ́rán nígbà tí àdúrà rẹ̀ gbà. Lọ́dọọdún ni ó ń rán ẹ̀wù tuntun fún Sámúẹ́lì. Ẹni tí yóò rán ẹ̀wù fún ọmọ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọmọ náà dàgbà dé. Ìyá tàbí bàbá ọmọ tuntun, ṣé o mọ ibi tí tìrẹ dé?

Láti inú oyún ni ọmọ ti ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Nígbà tí a bá bí i, ó ń fi òórùn mọ ọmú ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò tíì ríran jìnnà ju nǹkan bí 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà lọ, bí ojú ìyá ti jìnnà sí i nígbà tí ó bá ń mu ọmú. Nítorí náà, wò ó lójú, kí o sì bá a sọ̀rọ̀. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, yóò rẹ́rìn-ín sí ọ. Ní oṣù 2, yóò máa fi ojú tẹ̀lé ẹni tí ń kọjá. Ní nǹkan bí oṣù 4, ọrùn rẹ̀ yóò ti dúró, yóò sì máa nawọ́ sí nǹkan. Láàárín oṣù 4 sí 6, ọ̀pọ̀ ọmọ a máa yí ara wọn padà.

Ìwọ tí ń gbé etí òkun Ìlàjẹ, o mọ ariwo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi. Bí ó bá ń bú lójijì, tí ọmọ oṣù 2 tí ó lajú sílẹ̀ kò ta gìrì rárá, má ṣe sọ pé, “Ọmọ jẹ́jẹ́ ni.” Bí kò bá rẹ́rìn-ín ní oṣù 3, tàbí tí ọrùn rẹ̀ kò dúró ní oṣù 4, tàbí tí o rí funfun láàárín ẹyinjú rẹ̀, gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Bí ojú tàbí ara ọmọ tuntun bá pọ́n rúsúrúsú, pàápàá ní ọjọ́ kìíní, tàbí tí kò mu ọmú dáadáa, má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé oòrùn òwúrọ̀ àti àgbo. Ibà pọ́njú tí ó le lè ba etí àti ọpọlọ jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Láti Ayétòrò dé Igbókọ̀dá, ọkọ̀ ojú omi ni ọ̀pọ̀ ń wọ̀. Má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kí o tó gbéra. Má sì fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ. Àwọn ọmọ kan wà láàárín wa tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò gbà á láti ìbí. Ó lè fa ibà pọ́njú náà.

Ọjọ́ tí ọmọ yóò kọ́kọ́ yí ara rẹ̀ padà, kò ní sọ fún ọ tẹ́lẹ̀. Nínú ilé orí òpó, má ṣe fi òun nìkan sílẹ̀ lórí pákó nítòsí ẹnu ọ̀nà.

Olùfẹ́, lílọ sí ilé ìwòsàn kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Lúùkù, tí ó kọ̀wé nípa bí Jésù ti dàgbà, oníṣègùn ni (Kólósè 4:14).

Ìgbésẹ̀ Òní: Kó gbogbo káńfọ̀ kúrò nínú àpótí aṣọ ọmọ. Bí o kò bá ní ọmọ kékeré, bẹ ìyá ọlọ́mọ tuntun kan wò.

Kókó Àdúrà
1. Baba, o ṣeun fún ojú, etí àti ọwọ́ àwọn ọmọ wa.
2. Olúwa, fún mi ní ojú tí ń kíyè sí nǹkan, má jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ọmọ mi falẹ̀.
3. Pa àwọn ọmọ etí òkun mọ́ lọ́wọ́ omi àti àrùn, ní orúkọ Jésù. Àmín.