Ìrìn-Àjò Ọjọ́ Méjì sí Abẹ́òkúta

Ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀ kì í pẹ́ tán. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Sàngó-Ọ̀tà tí ó bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí ó sì gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kò ní ju ọjọ́ méjì péré lọ. Bí ó bá fẹ́ mú àwọn ará ilé rẹ̀ lọ wo òkè, àfi kí ó fara balẹ̀ ṣètò.

Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kan wà ní Ọ̀tà. Àkọ́bí rẹ̀ fẹ́ kí wọ́n lọ sí Òkè Ìdànrè, nítorí ó ti gbọ́ nípa àtẹ̀gùn ibẹ̀ tí ó lé ní 600. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Ìdànrè wà: àlọ yóò jẹ ọjọ́ Àbámẹ́ta tán, àbọ̀ yóò sì jẹ ọjọ́ Àìkú. Ẹni tí ó lo ìsinmi rẹ̀ nínú ọkọ̀ kò sinmi. Nítorí náà ni bàbá ṣe yan Abẹ́òkúta, tí kò jìnnà sí Sàngó ju bí 60 kìlómítà lọ. Ẹni tí ó bá tètè jáde kí ọkọ̀ tó dí pa ní Sàngó, tí ó sì gba Ifọ̀, Pápáláńtò àti Ìtòrí, lè débẹ̀ kí oòrùn tó mú. Láti ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun tí ń lọ láti Èkó sí Ìbàdàn ti ń dúró ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n Láderin ni ibùdó rẹ̀ wà, owó ọkọ̀ mìíràn sì ń bẹ níwájú kí ènìyàn tó dé ìdí Olúmọ. Ìyàwó ilé, tí ó mọ iye tí ó kù nínú àpótí, ní kí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì.

Ọ̀rọ̀ ìyá bàbá ni ó fẹ́ da ètò náà rú. Ọmọ Ẹ̀gbá ni ìyá náà, ṣùgbọ́n orúnkún ń dùn ún. Ó ní, “Ẹ máa lọ, èmi yóò máa ṣọ́ ilé.”

Àwọn ọmọ ní ẹ̀rọ kan wà ní Olúmọ tí ń gbé ènìyàn ròkè. Òtítọ́ ni pé a gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ síbẹ̀ ní ọdún 2006. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ a máa bàjẹ́, kò sì yẹ kí a gbé arúgbó dé ìdí àpáta kí a tó máa béèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Bàbá pinnu láti ṣètò bí ẹni pé kò sí rárá. Bí wọ́n bá bá a lẹ́nu iṣẹ́, èrè ni.

Wọ́n ní gíga Olúmọ jẹ́ 137 mítà. Láti ojú òkun ni a ti wọ̀n ọ́n. Èyí tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ gùn kò tó bẹ́ẹ̀. Kì í sì í ṣe ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ni ó yẹ ní wíwò. Lábẹ́ àpáta náà ni ihò wà tí àwọn Ẹ̀gbá fara pamọ́ sí, nígbà tí ogun ti lé wọn kúrò ní ilé wọn àtijọ́, tí wọ́n sì tẹ̀lé Ṣódẹkẹ́ débẹ̀ ní ọdún 1830. Ojú ibi tí àwọn obìnrin ti ń lọ oúnjẹ ṣì wà lára òkúta, ó jin kótókótó. Nígbà tí ogun Dàhọ̀mì dé ní ọdún 1851, tí ó sì tún padà dé ní ọdún 1864, ìlú tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìdí àpáta yìí ti lágbára tó láti lé wọn sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá sáré gun òkè, tí ó ya àwòrán, tí ó sì sáré sọ̀kalẹ̀, ti fi ohun tí ó wá wò sílẹ̀.

Báyìí ni bàbá wá tò ó: òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta fún Olúmọ, ọ̀sán fún Ìtòkú, níbi tí ìyàwó rẹ̀ yóò ti ra àdìrẹ, ilé àbúrò ìyá ni wọn yóò sùn, kí owó ilé ìtura lè dúró sápò, bí wọ́n bá sì ti jẹun ọ̀sán tán ní ọjọ́ Àìkú, wọn yóò máa bọ̀. Àwọn ọmọ yóò bá bàbá gun orí òkè dé òpin. Ìyá àgbà yóò dúró ní ẹnu ihò.

Bàbá bi í pé, “Ìyá, ihò náà kò sí lókè pátápátá. Ǹjẹ́ ẹ ó lè gun ìwọ̀nba àtẹ̀gùn tí ó dé ibẹ̀?”

Ìyá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Bí ẹ kò bá ti lé mi léré, n ó gùn ún.” Ó sì dìde, ó lọ wá ọ̀pá rẹ̀.