Gbé Mọ́ọ̀tì Yẹn Sílẹ̀ Ná, Àbẹ̀kẹ́

Àbẹ̀kẹ́, gbé mọ́ọ̀tì yẹn sílẹ̀ ná. Gbé agolo mílíìkì náà sílẹ̀ pẹ̀lú. Fa àpótí yẹn mọ́ra kí o jókòó, kí o fún mi ní ìwé tí nọ́ọ̀sì kọ fún ọ. Ṣé ìwé tí o ká mọ́ ìdí ìró láti ọjọ́ Ẹtì nìyí? PCV, 24. Oyún oṣù márùn-ún, ẹ̀jẹ̀ 24, o sì ń rẹ́rìn-ín sí mi pé, "Àǹtí, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi dín díẹ̀." Díẹ̀ kẹ̀? Ta ló sọ fún ọ pé díẹ̀ ni?

Mo fẹ́ kó yé ọ, torí ohun tí kò bá yé èèyàn, kò ní fọwọ́ pàtàkì mú un. Wọ́n gún ọ níka, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà sínú igò tín-ín-rín kan, wọ́n dí ìdí rẹ̀, wọ́n sì gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń yí bìrìbìrì. Nígbà tí ẹ̀rọ dúró, gbogbo pupa ti rọ̀ sí ìsàlẹ̀, omi aláwọ̀ ìyeyè wà lókè. Wọ́n wá fi ìwọ̀n wò ó: bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 100, mélòó ni pupa? Iye yẹn ni PCV. Tìrẹ, 24. Ìyókù, omi ni. Inú pupa yẹn ni ohun tí wọ́n ń pè ní hìmóglóbíìnù wà. Òun ló ń gba atẹ́gùn tí o bá mí sínú, òun ló ń gbé e lọ bá ọpọlọ, iṣan ẹsẹ̀ àti ọmọ tó wà nínú rẹ. Irin ló wà nínú rẹ̀ tó fi ń ṣiṣẹ́ yẹn. Bí o bá pín PCV sọ́nà mẹ́ta, o ti súnmọ́ iye hìmóglóbíìnù: 24 á fún ọ ní 8. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ti aboyún má wálẹ̀ ju nǹkan bí 11 lọ, ti obìnrin tí kò lóyún 12, ti ọkùnrin 13. Bí ti aboyún bá já wálẹ̀ ju 7, ọ̀sìbítù ńlá ló kàn. Láti 8 sí 7, báwo ló ṣe jìnnà tó? Ibà kan ṣoṣo lè gbé ọ débẹ̀ láàrin ọjọ́ mélòó kan, Àbẹ̀kẹ́.

O ní gbogbo aboyún tó wà ní klíníìkì lọ́jọ́ náà ni wọ́n sọ irú ẹ̀ fún. Mo gbà. Ìwádìí ńlá tí ìjọba ṣe láti ojúlé dé ojúlé ní 2018 fi hàn pé nínú 100 obìnrin Nàìjíríà tó wà lọ́jọ́ orí ọmọ bíbí, 58 ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Nínú 100 ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 68 ni. Ṣé pé ó kárí ilé kárí oko ló wá sọ ọ́ di nǹkan tó dáa? Tí iná bá ń jó ilé mẹ́fà ládùúgbò, ṣé wàá jókòó sínú tìrẹ?

Láti ìgbà tí o ti wọlé ni mo ti ń wò ọ́. Fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ yẹn wálẹ̀ kí n rí i. Hẹ̀n-ẹ́n. Ibi tó yẹ kó pọ́n dáadáa ló funfun báyìí. La àtẹ́lẹwọ́ rẹ. Wo àwọn ilà inú rẹ̀, wọn kò láwọ̀ mọ́. Láàárọ̀, láti ibi ẹ̀rọ gààrì dé ibí, ibi tí ọmọdé ń sá lọ sá bọ̀, o dúró sinmi, o fọwọ́ dá igi mú, o ní àyà ń lù ọ́ kìkìkì. O ní oorun ni o kò sùn tó. Kì í ṣe oorun. Ọkàn rẹ ló ń sáré, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé atẹ́gùn kò pọ̀, ó ní láti máa yí ìwọ̀nba tó wà kíákíá. Ọkàn tó bá ń sáré báyìí fún ìgbà pípẹ́, ó máa ń rẹ̀ ẹ́, omi á wá máa dúró sínú ẹ̀dọ̀fóró, èèyàn ò ní lè sùn lẹ́yìn mọ́.

Kí ló wà nínú ọ̀rá dúdú yẹn? Mú un wá. Àbẹ̀kẹ́! Amọ̀ lo tún ń jẹ! Wàá ní ọmọ inú ló ń bèèrè rẹ̀. Ara tí irin ti tán nínú rẹ̀ ló ń bèèrè. Obìnrin tó bá ń wù ú láti máa jẹ amọ̀, ẹfun, yìnyín tàbí ìrẹsì gbígbẹ, kí wọ́n tètè yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Amọ̀ náà kò sì fún ọ ní nǹkan kan. Yóò gbá irin inú oúnjẹ mọ́ra kó tó wọ ara rẹ, ó sì lè kó ẹyin aràn wọnú rẹ. Ó dọwọ́ mi, kò tún padà sọ́wọ́ rẹ mọ́.

Ó wá kan mọ́ọ̀tì àti mílíìkì. Mo mọ̀ pé gbogbo ọjà Mọ́níyà àti Lálúpọn ló gbà pé òun ló ń fún ni lẹ́jẹ̀. Ṣúgà ló pọ̀ nínú mọ́ọ̀tì. Mílíìkì ní tiẹ̀, ohun inú rẹ̀ tó ń mú eegun le ló máa ń dá irin dúró lẹ́nu ọ̀nà. O wá fi gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ mì! Owó tí o fi rà á, ẹyin àti ẹja ló yẹ kó lọ fún. Omi poroporo ọkà bàbà tí ìyá ọkọ rẹ ń sè, pípọ́n tó pọ́n yẹn, àwọ̀ ewé ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. N kò bá ìyá jà. Kí wọ́n máa mu tiwọn, àmọ́ kí ìwọ má fi rọ́pò oògùn tí nọ́ọ̀sì fún ọ. Ugu náà, dípò kí o máa fún un lómi mu ní tútù, sè é, fi irú àti ẹja sí i, kí o jẹ ẹ́ tewétewé.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé o ń wá bí ẹ̀jẹ̀ ṣe máa pọ̀, o kò bèèrè ohun tó gbé e lọ. Jẹ́ ká jọ wá a nínú ilé yìí.

Níbo ni nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún ọ ní klíníìkì wà? Má dáhùn, mo ti rí i. Ó wà lẹ́yìnkùlé, ẹ fi ṣe ọgbà yí tẹ̀tẹ̀ ká kí adìyẹ má bàa wọlé. Adìyẹ ò wọlé lóòótọ́. Ẹ̀fọn wá wọlé bá ọ. Kòkòrò ibà, inú ẹ̀jẹ̀ pupa gan-an ló ń gbé. Bó bá bí sí i tán, á bẹ́ ẹ, á jáde, á tún wọ òmíràn. Ti aboyún tún burú jù, torí ó máa ń lúgọ sínú ibi ọmọ: ara lè má gbóná, orí lè má fọ́, kó sì máa jẹ ẹ̀jẹ̀ lọ lábẹ́lẹ̀, kó máa jẹ oúnjẹ ọmọ pẹ̀lú, kí wọ́n wá bí ọmọ náà ní kékeré. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún yín ní oògùn SP, tí ẹ ń pè ní Fansidar, láti oṣù kẹrin, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹ tó bí, oṣù kan sí ara wọn. O lo ọ̀kan? O kò lo ìkankan, torí oyún ti pé oṣù márùn-ún kí o tó forúkọ sílẹ̀.

Ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́? Ẹsẹ̀ lásán ni ìwọ àti ọkọ rẹ fi ń wọ oko kòkó, oko kòkó kan náà tí gbogbo yín ń yà sí láti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Aràn kan wà tí ẹyin rẹ̀ máa ń bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìgbẹ́. Bí ilẹ̀ bá tutù, tí òjìji bò ó, yóò pa, ọmọ rẹ̀ yóò sì dúró de àtẹ́lẹsẹ̀ èèyàn. Ẹ máa ń ní ẹsẹ̀ ń yún yín láàrin ọmọ ìka, ẹ ó fi kẹrosíìnì pa á. Ó ti wọlé nígbà yẹn. Ó di inú ìfun, á deyín mọ́ ibẹ̀, á máa fa ẹ̀jẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Bàtà òjò kò wọ́n tó ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ń pàdánù. Oògùn aràn wà fún aboyún tí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ bá ti kọjá, nọ́ọ̀sì ni yóò fún ọ, má ra ti orí igbá.

Ẹ̀gbọ́n ọmọ tí o lóyún rẹ̀ yìí kò tíì pé ọdún méjì. O bí i, ẹ̀jẹ̀ lọ. O fún un lọ́mú, irin ara rẹ kò tíì padà sípò, o tún lóyún. Èyí, ìwọ àti ọkọ rẹ ni mo máa bá sọ ọ́ lẹ́yìn ìkómọ, kì í ṣe òní.

Oúnjẹ: àmàlà láàárọ̀, ẹ̀bà lálẹ́, ọbẹ̀ ata, ẹran tín-ńtín tí ẹ bù fún bàbá. Ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀lùbọ́ ń yó ni, àmọ́ irin inú wọn kò tó nǹkan. Jẹ ẹ̀wà. Jẹ ìgbín, ṣebí òjò ti rọ̀, ó wà nínú igbó lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀dọ̀ màlúù díẹ̀, ẹja gbígbẹ, ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀. Ọsàn tó ń jẹrà lábẹ́ igi yẹn, mu ún lẹ́yìn oúnjẹ. Omi rẹ̀ ló ń ṣílẹ̀kùn fún irin inú ẹ̀fọ́. Tíì tí o fi ń bá oúnjẹ lọ, jẹ́ kó di wákàtí kan tàbí méjì lẹ́yìn tí o bá jẹun tán, torí òun ń ti ilẹ̀kùn náà ni.

Jẹnotáìpù rẹ ńkọ́? "Mo rò pé AA ni." O rò! Ọkọ rẹ náà rò? Nínú Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló gbé S, àwa Yorùbá tún ní C tiwa mọ́ ọn. Ẹni tó bá jẹ́ SS, tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀la-dìde, wọ́n máa ń tètè mọ̀ ọ́n láti kékeré. SC ló máa ń tan èèyàn jẹ. Obìnrin SC lè dàgbà, kó ṣe oko, kó jó lóde, kó máa rò pé làkúrègbé lásán ló ń ṣe òun nígbà òtútù, àfi ìgbà tó bá lóyún tí gbogbo eegun wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Bí ẹ̀jẹ̀ ẹni bẹ́ẹ̀ bá wálẹ̀, ìtọ́jú tirẹ̀ yàtọ̀. A kì í kàn da oògùn irin sí i lára láìwádìí. Ṣé o mọ̀ pé orúkọ ìlú wa wà nínú ìwé ẹ̀jẹ̀ káàkiri ayé? Ní 1965, Watson-Williams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa irú hìmóglóbíìnù kan, wọ́n pè é ní D Ìbàdàn, wọ́n sì fi hàn pé bó bá bá S pàdé lára ẹnì kan, kò fa àìsàn. UCH tí irú iṣẹ́ báyìí ti gbilẹ̀, láti 1957 ló ti ń gba aláìsàn, kò jìnnà sí wa, ìwọ ọmọ Lágelú wá ń sọ fún mi pé o rò!

Ọ̀kan tún wà tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìbímọ, mo sì ń tètè sọ ọ́. Má fi káńfọ̀ sáàrin aṣọ ọmọ. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọkùnrin wa ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní G6PD tó. Èéfín káńfọ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, kí ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè, kí ibà pọ́njú náà sì ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ jù náà, kì í ṣe ohun ìyangàn. Bàbá rẹ ní Àkànrán, 56 ni tiwọn, ẹ sì ń yọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ bàbá pé. Sìgá ni. Èéfín sìgá ń gba àyè atẹ́gùn, ara wá ń ṣe pupa kún pupa, ẹ̀jẹ̀ ki, ó lè dì nínú iṣan, kó di rọpárọsẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru àti èébì náà lè mú kí iye náà dà bíi pé ó ga, torí omi ló gbẹ lára. Tàbí kó jẹ́ pé mùdùnmúdùn inú eegun ló ń ṣe é ju bó ṣe yẹ lọ. Kí wọ́n lọ rí dókítà. Èmi fúnra mi ni yóò bá wọn sọ ọ́.

Oògùn tí o jù sínú àpò, gbé e wá. O ní ìgbẹ́ rẹ dúdú: irin ni, kò sí ewu. O ní ó ń rìn ọ́ nínú: lò ó lálẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, fi omi ọsàn gbé e mì. Kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó yẹ kí PCV náà ti fi bíi mẹ́ta lé. Bí kò bá lé, wọ́n á tún wá ìdí rẹ̀. Kódà bó bá pé tán, wàá ṣì máa lò ó lọ fún oṣù mélòó kan, kí ara lè rí èyí tó máa fi pamọ́. Mo ti gbẹ̀bí pẹ́ ní agbègbè yìí. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 36, tó bá bímọ tí ẹ̀jẹ̀ dà ju bó ṣe yẹ lọ, a ṣì máa ń rí àyè gbé e dé Ìbàdàn. Ẹni tó jẹ́ 24, ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ kan náà lè gba ẹ̀mí rẹ̀ kí mọ́tò tó dé títì. Mi ò ní jẹ́ kó jẹ́ ìwọ, gbọ́ mi dáadáa, ọmọ mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí o ti wẹ̀ kí n tó dé. Ọ̀sìbítù Adéọ̀yọ́ ní Yemẹ̀tú là ń lọ: kí wọ́n wo jẹnotáìpù, kí wọ́n wo ibà, kí wọ́n yẹ ìgbẹ́ wò fún aràn. Kí ọkọ rẹ bá wa lọ, kí wọ́n mọ irú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, torí bí a bá nílò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, ìdílé ni wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ wọn. Bó bá ní oko ń dúró de òun, ní èmi ni mo ránṣẹ́. Nẹ́ẹ̀tì yẹn, tú u kúrò lára ọgbà nísinsìnyí, fọ̀ ọ́, sá a síbi òjìji, kí ẹ sì sun abẹ́ rẹ̀ lálẹ́ òní. Adìyẹ á wá nǹkan mìíràn jẹ.